Kí Ló Dé Tí Ọkàn Fi Ń Fà sí Ẹni Tí A Kò Rí Rí?

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin níbí, orí Facebook ni wọ́n ti pàdé ẹni tí wọ́n fẹ́. Àwọn òbí wọn á ní wọ́n ti sà sí wọn ni. Rárá o, bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe rí nìyẹn.

Lọ́dún 1996, Joseph Walther, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìbánisọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ lè wọra ju ti ojúkojú lọ. Ẹ wo ọmọbìnrin kan ní Tanke tó ń fèsì fún ọkùnrin tó ní Ọ̀ffà lòun ń gbé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó yọ èyí tó le kúrò, ó tún un tẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Bó ṣe ń jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà, ọkùnrin yẹn ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ṣà bí ẹ̀wà tí a fẹ́ gbé kaná ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òun náà sì ń ṣa tirẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ nípa ara wọn, ọkàn á fi èyí tó wù ú dípò. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn wàrà, ó parí: Ọlọ́run ló yàn wọ́n fún ara wọn!

Àṣírí tún wà níbẹ̀. Arthur Aron, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1997 pé àjèjì tó bi ara wọn ní ìbéèrè tó ń jinlẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú 45 sún mọ́ra ju àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ ojú ayé lọ. Ojúkojú ni wọ́n tilẹ̀ ti ṣèyẹn. Kí wá ni ká sọ nípa àwọn tó ń tú ikùn síra wọn lórí WhatsApp lóru, tójú ò ti ẹnikẹ́ni?

Mi ò sọ pé irọ́ ni ìfẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó ríra, torí bó bá ṣe ń pẹ́ ni àwòrán tí ọkàn yà ń tóbi sí i. Ẹ kọ́kọ́ pe ara yín lórí fídíò, kí ẹ wá pàdé lọ́sàn-án gangan, níbi tí èrò wà, kí ẹnì kan nílé mọ̀. Alárinà ayé àtijọ́ mọ bí ọmọkùnrin ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Fóònù ò lè sọ ìyẹn fún yín. Nígbà tí ẹ bá pàdé, ẹ wo bí ẹni náà ṣe ń bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀. Èyí tó bá ń sún ọjọ́ ìpàdé síwájú, tó sì ń tọrọ owó, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i, kí ẹ fọ̀rọ̀ náà tó ẹ̀gbọ́n yín létí lọ́jọ́ náà gan-an.