Kí ló dé tí táyà tuntun kan ṣoṣo fi lè kó bá ọkọ̀ AWD?

Ìṣó gún táyà yín níhà, kò ṣe é lẹ̀ mọ́. Mẹ́ta yòókù ṣì dára. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn ni pé kó ra ẹyọ kan, kó fi í dípò, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò sí àléébù nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ̀ AWD, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì ń ti gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó ń ta táyà lè ní mẹ́rin ni kí ẹ rà. Ó máa ń dun èèyàn, ó sì máa ń dà bíi pé wọ́n fẹ́ lu ẹni ní jìbìtì. Nígbà mìíràn, jìbìtì náà ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ohun tó pààlà sáàárín méjèèjì kò ju mìlímítà mélòó kan lọ.

Eyín táyà ni mo máa pe rọ́bà onílà-onílà tó ń tẹ títì. Nígbà tí táyà ọkọ̀ kékeré bá wà ní tuntun, eyín yìí máa ń jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tó bá ti wálẹ̀ ju 1.6 lọ, òfin ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí eyín ṣe ń jẹ ni táyà fúnra rẹ̀ ń kéré sí i. Táyà tí eyín rẹ̀ ti jẹ mìlímítà 4 ti kéré ní mìlímítà 8 láti etí kan dé etí kejì. Ojú lásán kò lè rí i, ọkọ̀ ló máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ wò ó báyìí. Táyà tuntun tó fẹ̀ ní mìlímítà 680 láti òkè dé ilẹ̀ máa yí bí ìgbà 468 kó tó rin kìlómítà kan. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí eyín rẹ̀ ti jẹ mìlímítà 4 máa yí bí ìgbà 474. Bí àgbàlagbà bá di ọmọdé lọ́wọ́ mú, ibì kan náà ni wọ́n jọ máa dé, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ ọmọ á pọ̀ ju ti àgbà lọ. Ìyípo mẹ́fà lórí kìlómítà kan kò jọ nǹkan kan. Ẹ rin 100 kìlómítà, ó ti lé ní 550.

Lóòótọ́, kò sí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yí yàtọ̀ síra. Tí ẹ bá ya kọ́nà, ẹsẹ̀ tó wà níta ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti inú lọ. Tìtorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe dífárẹ́ńṣà, àkójọ jíà kéékèèké kan tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì, síbẹ̀ tó gbà kí kálukú yí bó ṣe yẹ ẹ́. Ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì wakọ̀ ní ẹyọ kan. AWD sábà máa ń ní ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àti nǹkan kan láàárín tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Nǹkan àárín yìí ló ń dá gbogbo àríyànjiyàn sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, ó yẹ kí àwọn jíà kéékèèké inú dífárẹ́ńṣà máa sinmi. Kọ́nà dé, wọ́n ṣiṣẹ́ díẹ̀. Kọ́nà tán, wọ́n tún sinmi. Táyà tí kò dọ́gba ló ń gba ìsinmi yẹn lọ́wọ́ wọn. Lójú tiwọn, ọkọ̀ ti wọ kọ́nà kan tí kò lópin.

Oríṣiríṣi ni nǹkan àárín yẹn. Lára àwọn ọkọ̀ kan, dífárẹ́ńṣà gidi oníjíà ni, èyí tó sábà máa ń fara dà á jù. Lára àwọn mìíràn, ó dà bí agolo tí wọ́n dé pa, tí òróró sílíkóònù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn péléètì tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò. Wọ́n so àwọn péléètì kan mọ́ iwájú, wọ́n so àwọn tó kù mọ́ ẹ̀yìn. Tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yí yàtọ̀ síra, òróró náà á gbóná, á sì di péléètì wọ̀nyí pọ̀ títí tí gbogbo wọn á fi jọ máa yí. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, iṣẹ́ rere nìyẹn. Fún wákàtí mẹ́ta lójú títì gbígbẹ, ẹ̀ ń sè é ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni kílọ́ọ̀ṣì onípéléètì tí kọ̀ǹpútà ń darí, ìyẹn àwọn péléètì tó ń fún mọ́ra láti so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Sẹ́ńsọ̀ ABS, ìyẹn ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há, ni kọ̀ǹpútà yìí fi ń mọ bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó. Tó bá rí ẹsẹ̀ kan tó ń yára ju àwọn tó kù lọ, ohun tó máa rò ni pé ẹsẹ̀ yẹn ń yọ̀, á sì pàṣẹ kí kílọ́ọ̀ṣì fún mọ́ra. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ìyàtọ̀ kékeré o, ṣùgbọ́n àyè yẹn níwọ̀n. Tí ẹ bá ti kọjá rẹ̀, péléètì á máa họ ara wọn lọ, epo inú rẹ̀ á máa gbó.

Mo ti jókòó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Táyà tuntun kan wà lẹ́yìn lọ́tùn-ún, mẹ́ta yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán. Lójú títì, a ò fura sí nǹkan kan. Ìgbà tí awakọ̀ rọra ń yà wọ ibi tó fẹ́ gúnlẹ̀ sí, tó sì yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́-gọ́-gọ́ bí ẹni pé ẹnì kan di ìdí rẹ̀ mú. A bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan tó já, kò sí epo tó ń kán, òórùn epo tó jóná nìkan ló gba ibẹ̀ kan.

Ìmọ̀ràn kan wà tí wọ́n máa ń fún èèyàn: bí owó mẹ́rin kò bá sí, ra méjì, kó o fi wọ́n sẹ́yìn. Fún ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì wakọ̀, ìmọ̀ràn rere ni. Fún AWD, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbà. Ṣáàfù gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá kì í tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo. Àárín méjì ìyára ọ̀tún àti òsì ló ń bá yí. Ká ní táyà tuntun fi mìlímítà 4 ju àwọn ògbólógbòó lọ. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan sẹ́yìn, bíi mìlímítà 2 ni ìyàtọ̀ tó máa dé àárín. Bí ẹ bá fi méjì sẹ́yìn, mìlímítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa dé ibẹ̀ láìdín. Ẹ gba dífárẹ́ńṣà ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ sì gbé gbogbo ìyà rẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì àárín lórí. Mi ò sọ pé ẹyọ kan wá dára o. Méjì ni mo ní kí ẹ má fọkàn sí bí ẹni pé ó ti tó.

Ìyàtọ̀ mélòó wá ni ọkọ̀ lè gbà? Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló ń sọ ọ́, ó sì máa ń wà nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Ti Subaru le díẹ̀: ìyípo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn gígùn àyíká wọn, kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lọ, ìyẹn bíi mìlímítà 6.4. Tí ẹ bá sọ ìyẹn di jíjìn eyín, kò ju bíi mìlímítà kan péré lọ. Àwọn mìíràn gbà á dé mìlímítà 2 tàbí 3.

Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó. Gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi ń wọn jíjìn eyín kò wọ́n. Ẹ tì í bọ àárín ilà níbi mẹ́ta, lápá inú, láàárín, àti lápá òde, torí táyà kì í sábà jẹ dọ́gba. Èyí tó tún dá mi lójú jù ni ti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Ẹ fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tó ti tẹ ilẹ̀, ẹ sì fa òmíràn sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ọkọ̀ lọ tààrà títí ilà táyà á fi yí wálẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ wá tún fa ilà sílẹ̀. Ẹ wọn àárín ilà ilẹ̀ méjèèjì, ẹ pín in sí márùn-ún. Ìyípo gidi nìyẹn, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára rọ́bà. Táyà méjì tí nọ́ńbà wọn bára mu, àmọ́ tí iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, lè má dọ́gba láti ilẹ̀ wá.

Tí mẹ́ta tó kù bá ṣì ní mìlímítà 7, ẹ ra ẹyọ kan irú wọn gẹ́lẹ́, ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ 4 ló kù, ọ̀nà ṣì wà yàtọ̀ sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ pé ojú táyà ni ìṣó gún, tí ihò náà kò sì ju mìlímítà 6 lọ, fọkanáísà tó mọṣẹ́ lè tú u, kó dí i, kó sì lẹ̀ ẹ́ láti inú. Ti ìhà ni kò ní àtúnṣe. Ẹ tún lè wá àlòkù kan tí eyín rẹ̀ bá ti yín mu, bí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá pọ̀ jù: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù DOT lára rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Níbòmíràn, ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń fá eyín táyà tuntun títí á fi dọ́gba pẹ̀lú ògbólógbòó. Kéèyàn fowó ra rọ́bà, kó tún fowó fá a dànù, ó dà bí ìwà wèrè, àmọ́ ó dín sí owó táyà mẹ́ta.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Ọkọ̀ oníná tó ní mọ́tò kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò ní ṣáàfù tó so méjèèjì pọ̀, nítorí náà kò sí àárín tó máa jóná. Jíìpù tí ẹ fúnra yín ń fa ọwọ́ jíà kó tó wọ ẹsẹ̀ mẹ́rin náà kò níṣòro níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní ẹsẹ̀ méjì.

Sìpíà tín-ín-rín tó wà nínú bùùtù ńkọ́? Òun gan-an lè kéré ju gbogbo wọn lọ. Kì í ṣe táyà tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Nínú àwọn Subaru àtijọ́ kan tí jíà wọn jẹ́ ọtomátíìkì, àyè fíúùsì kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ FWD sí, ìyẹn pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló máa wakọ̀. Ẹ ti fíúùsì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi sìpíà rìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sinmi. Ẹ má gbàgbé láti yọ ọ́ ní ọjọ́ tí táyà gidi bá padà sẹ́sẹ̀.