Bí Ìdánwò Ẹ̀wù Ayẹta Onítáìlì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo kò ṣeé sọ láìdárúkọ ìkòkò tó fọ́. Nígbà tí igi tí àwọn ènìyàn Lárọ̀óyè àti Tìmẹ́hìn gé wó sínú odò, ohùn kan ni wọ́n gbọ́ láti inú omi tó ń ké pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ta ni kò mọ̀ nílùú yìí pé ohun amọ̀ tó jinná máa ń le koko, ṣùgbọ́n pé bí nǹkan bá gbá a, fífọ́ ló ń fọ́? Síbẹ̀, táìlì tó jẹ́ ìbátan ìkòkò ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀wù ayẹta àwọn ọmọ ogun lónìí, ìdánwò ló sì gbé e débẹ̀.

Ayẹta tó jẹ́ oògùn pàápàá ní ìdánwò tirẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ ewúrẹ́ tàbí adìẹ lọ́rùn, wọ́n á yìnbọn sí i, kí ènìyàn tó gbé e wọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ẹ̀wù irin náà máa ń yìnbọn sí àyà rẹ̀, ojú ibi tó tẹ̀ wọnú ni wọ́n sì fi ń han oníbàárà pé ọta kò ràn án. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún: ṣé ọta wọlé àbí kò wọlé? Bí ọta náà ṣe ń sáré tó, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ dájú, títí Benjamin Robins ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣàlàyé ní ọdún 1742 pé bí a bá gbé igi ńlá kọ́, tí a yìnbọn sí i, bí igi náà bá ṣe fì tó ni a ó fi ṣírò eré ọta.

Ní ọdún 1918, Neville Monroe Hopkins, ọ̀gá ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, ṣàkíyèsí pé bí a bá fi énámẹ́ẹ̀lì líle, irú èyí tó máa ń dán lójú àwo onírin, bo irin ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irin náà á túbọ̀ lè kojú ọta. Ogun Vietnam ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Hẹlikópítà ń fò nísàlẹ̀ níbi tí ìbọn ti lè bà á, bẹ́ẹ̀ ni irin tí yóò dáàbò bo awakọ̀ rẹ̀ ti wúwo jù. Alumina àti boron carbide, àwọn ohun líle tó jẹ́ ìbátan ìkòkò, ni wọ́n bá yíjú sí: alumina kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì irin tó tóbi tó o lọ, boron carbide sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n fi wọ́n ṣe ìjókòó awakọ̀ àti ẹ̀wù àyà, wọ́n sì fi fáíbà tì wọ́n lẹ́yìn.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni Mark Wilkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Livermore, ní California, wá jókòó tì ní ìparí àwọn ọdún 1960. Wọ́n lẹ táìlì alumina tó nípọn bíi mìlímítà 6 mọ́ alumíníọ̀mù, wọ́n yìnbọn sí i, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ẹ́síréè tó ń kọ mànà ya àwòrán ọta bó ṣe ń wọlé, láàárín ìdá mélòó kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí wọ́n rí ṣì ń jọ mí lójú. Táìlì le ju irin inú ọta lọ, nítorí náà ṣóńṣó ọta ló kọ́kọ́ ń run. Lẹ́yìn náà ni táìlì á sán láti ojú ibi tí ọta ti bà á, tí sísán náà yóò sì máa fẹ̀ lọ sẹ́yìn bí ẹnu àrọ, débi pé agbára ọta tó yẹ kó dá ojú kan lu yóò tàn káàkiri ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí yóò wá gba àfọ́kù ọta mọ́ra. Fífọ́ tí à ń kà sí àléébù ìkòkò, òun gan-an ni iṣẹ́ táìlì.

Ṣùgbọ́n táìlì méjì kì í fọ́ bákan náà. Èyí ló fà á tí àwọn olùdánwò fi ń yí eré ọta padà léraléra, tí wọ́n ń mú iye kan náà nínú èyí tó yára jù tí táìlì dá dúró àti èyí tó rọra jù tó wọlé, tí wọ́n sì ń wá àárín wọn. V50 ni wọ́n ń pè é: eré tí ọta fi lè wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà méjì.

Ewúrẹ́ tún padà wọ ìtàn náà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníwádìí ológun Amẹ́ríkà fi aṣọ Kevlar, tí wọ́n fi fáíbà alágbára hun, bo ewúrẹ́ tí wọ́n ti fún ní oògùn oorun, wọ́n yìnbọn sí wọn, wọ́n sì yẹ ọgbẹ́ inú wọn wò, nítorí ọta tí kò wọlé pàápàá lè ti aṣọ wọ ènìyàn lára kó sì pa á. Ibẹ̀ ni mìlímítà 44 ti jáde: a ó gbé ẹ̀wù ka amọ̀, a ó yìnbọn, kòtò inú amọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà ìdánwò ẹ̀wù ayẹta ti Amẹ́ríkà ní ọdún 2008, ìpele tó ga jù ní kí táìlì dá ọta kan tí wọ́n ṣe láti lu irin dúró, èyí tó ń sá ní mítà 878 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìyá tó fẹ́ ra ìkòkò ní Ọjà Ọba yóò gbé e sókè, yóò fi ìka kàn án, yóò sì dẹtí. Bó bá dún gooro, yóò ná an. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan, yóò gbé e kalẹ̀. Táìlì inú ẹ̀wù náà máa ń sán bí ọmọ ogun bá jù ú lulẹ̀, aṣọ tó bò ó kì í sì jẹ́ kí ojú rí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kó já lulẹ̀ lórí kọnkéré kí wọ́n tó yìnbọn sí i, tí wọ́n sì ń fi ẹ́síréè wo èyí tó ti wà lọ́rùn ọmọ ogun.