Betty Mae Jumper: Bí Obìnrin Ṣe Kọ́kọ́ Di Alága Àwọn Seminole

Kí àwọn Seminole ti Florida, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó mọ ohun tó ń jẹ́ alága, àwọn àgbààgbà àti àwọn oníṣègùn ló ń ṣètò ìlú. Ìgbà mẹ́ta ni ìjọba Amẹ́ríkà gbógun tì wọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n fi tipátipá kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Oklahoma. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sá wọ irà Everglades, wọn ò sì fẹ́ rí òyìnbó sójú mọ́. Èèwọ̀ ni kí obìnrin wọn bímọ fún òyìnbó. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé, ikú ló kàn án.

Ọdún 1923 ni wọ́n bí Betty Mae Tiger nítòsí Indiantown. Seminole ni Ada Tiger, ìyá rẹ̀. Òyìnbó ará Faransé tó ń fi pàkúté mú ẹran ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà tó nǹkan bí ọdún márùn-ún nígbà tí àwọn oníṣègùn wá láti pa òun àti Howard, àbúrò rẹ̀. Jimmie Gopher, àgbà kan nínú ẹbí wọn tó ti di Kìrìsìtẹ́nì, gbé ìbọn jáde, ó yìn ín, àwọn oníṣègùn náà sì sá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹbí náà kó lọ sí Dania, lórí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn Seminole.

Ẹ̀yin èwe tó ń ka ìtàn yìí, ẹ fọkàn sí ibi tó kàn yìí dáadáa. Ó wu Betty Mae láti mọ ìwé kà, àmọ́ iléèwé òyìnbó ò gbà á, iléèwé àwọn aláwọ̀ dúdú náà ò gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó lọ sí iléèwé àwọn Cherokee, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, ní North Carolina, ọ̀nà tó jìn gan-an sílé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ABD. Ní 1945, ó gba ìwé ẹ̀rí girama, ara àwọn tó kọ́kọ́ gbà á nínú Seminole Florida ló sì jẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oklahoma.

Lójú tèmi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí gan-an ló sọ ọ́ di olórí, kí ẹnikẹ́ni tó dìbò fún un. Ó ń ti àgọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ń bá àwọn àgbà tí kò fọkàn tán oògùn òyìnbó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbọ́ Mikasuki, ó gbọ́ Creek, èdè méjèèjì tí àwọn Seminole ń sọ, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà òun ni ògbufọ̀ nígbà tí dókítà bá dé àti nígbà tí ìjọba bá ránṣẹ́. Ní 1946 ló fẹ́ Moses Jumper, ọkùnrin tó ń bá ọ̀nì jìjàkadì kí àwọn àlejò lè sanwó wò ó. Nígbà tí ara ọkọ ò yá, ìyàwó bọ́ sínú kòtò, ó bá ọ̀nì jà!

Ní 1953, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ fòpin sí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà onílẹ̀, àwọn Seminole sì wà nínú wọn. Bí ìyẹn bá ṣẹ, ilẹ̀ wọn lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tako ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì jọ ṣe òfin tí wọn yóò máa fi ṣàkóso ara wọn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1957 ni wọ́n dìbò fún òfin náà, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣàkóso. Betty Mae wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1967, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ náà. Obìnrin kankan ò tíì jókòó síbẹ̀ rí. Ó sọ pé dọ́là 35 péré lòun bá lápò ẹ̀yà náà. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní 1971, owó náà ti di ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Ó gbájú mọ́ ìlera, ilé gbígbé àti ẹ̀kọ́.

Kò dá ti Seminole nìkan rò. Ní 1968, Seminole, Miccosukee, Choctaw ti Mississippi àti Cherokee ti ìlà oòrùn fọwọ́ sí ìwé ìṣọ̀kan, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí wọ́n lè máa fi ohùn kan bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ó wà lára àwọn olórí tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lónìí, ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 30.