Ẹ Má Gbéra Láàárọ̀ Ìgbéyàwó: Fún Ẹ̀yin Tẹ́ ẹ̀ Ń Ti Ògbómọ̀ṣọ́ Lọ Jẹun Ìyàwó Létí Òkun Èkó

Ó ti tó ọdún 16 báyìí tí mo ti ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò ìgbéyàwó láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, inú gbọ̀ngàn tàbí ọgbà ilé ìwé la máa ń já wọn sí. Àwọn ọmọ wa ti wá ń fẹ́ kí òkun wà lẹ́yìn àwọn bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, ni ìwé ìpè bá ń jáde pé Ọnírù, pé Ẹlẹ́gúṣì, pé Tarkwa Bay. Ìyá àgbà tó ti lo 70 ọdún ní Tákìé láìfojú kan òkun rí á wá wé gèlè, á lóun ń bọ̀. Irú wọn ni mò ń kọ èyí fún, àti ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kó wọn lọ.

Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni ìgbéyàwó etí òkun fún ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jẹun ìyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ padà lọ́jọ́ Àìkú. Mo mọ̀ pé owó ilé ìtura ló ń bà yín lẹ́rù. Nígbà kan, àwọn tó háyà mi ní ká gbéra ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, mo sì gbà. Tírélà kan ti ṣubú dábùú ọ̀nà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ojú kan la wà fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tá a máa fi dé Lẹ́kí, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù, wọ́n ti ń ká àga. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó wà nínú ọkọ̀ mi, òun ló yẹ kó ṣàdúrà fún ọmọ náà. Bàbá ò bá mi jà. Ó kàn jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ó ń wo ìwé ìpè tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá ní ká gbéra láàárọ̀ ìgbéyàwó, mi ò gba iṣẹ́ ẹ̀ mọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 100 kìlómítà, Ìbàdàn sí Èkó lé ní 120. Ẹni tó bá ṣírò ẹ̀ á ní wákàtí mẹ́rin ti tó. Ẹ má fọkàn sí i. Kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́, ẹ wo kàlẹ́ńdà: bí ọjọ́ Ẹtì tẹ́ ẹ fẹ́ rìn bá jẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, èrò ìsìn alẹ́ ní Redemption City máa ń kún òpópónà Ìbàdàn sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán bá yín lódìkejì ibẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kúkú lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹni tí ìjókòó bọ́ọ̀sì ò bá lára mu lè wọ ọkọ̀ ojú irin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Ìbàdàn sí Èkó lọ́dún 2021. Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tá à ń bá bọ̀ nìyẹn, a ò tiẹ̀ ní wọ àárín ìgboro Ìbàdàn ká tó débẹ̀. Ẹ̀bùté Mẹ́ta ló ń já èrò sí. Ẹ béèrè aago tó ń gbéra kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ máa sùn wá ńkọ́? Ìhà tí ìnáwó wà ni kẹ́ ẹ sùn sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ sùn sílé ìbátan ní Agége tàbí Ìkòròdú torí pé wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n á tún wá máa wá ọ̀nà dé Lẹ́kí lówùúrọ̀. Afárá Third Mainland nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá sì mú yín lórí ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ lè yà sí. Owó ilé ìtura kéékèèké ní ìhà Àjáh rọ̀ ju ti Victoria Island lọ. Kí ẹni mẹ́ta mẹ́rin dáwó sí yàrá kan, kẹ́ ẹ ṣáà ti jí sódìkejì omi.

Àwa lọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jọkà kí wọ́n tó mẹ̀kọ yangan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìrìn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ ṣáájú ọkà. Ẹni tó bá jẹ àmàlà yó kó tó wọ ọkọ̀, èébì lè gbé e kó tó dé Ìbàdàn.

Àwọn ìyá wa ní ohun kan tí wọ́n ń ṣe tó ń dùn mí. Wọn kì í mu omi lójú ọ̀nà kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n, àwọn mìíràn á sì fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru torí pé ó ń mú wọn tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ bi dókítà tàbí ẹni tó ń ta oògùn fún yín nípa àkókò tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó lọ́jọ́ ìrìn. Inú àpò ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe inú báàgì tá a dì sí búùtù. Dẹ́rẹ́bà tí ò bá lè dúró ní wákàtí méjì méjì kí àgbàlagbà sọ̀ kalẹ̀, kó na ẹsẹ̀, kó sì tọ̀, ẹ má háyà ẹ̀.

Ooru Èkó yàtọ̀ sí tiwa. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ń ta, ṣùgbọ́n atẹ́gùn wa gbẹ jù tiwọn lọ, òógùn á jáde, á gbẹ, ara á tutù. Létí òkun, omi ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn ń ṣàn ni, kì í gbẹ, ooru á sì há mọ́ ara. Ẹ wá fi aṣọ òkè alápá gbọọrọ, agbádá àti fìlà kún un láago méjì ọ̀sán! Kẹ́ ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kẹ́ ẹ sì wá ìjókòó abẹ́ ìbòòji fún àgbà kẹ́ ẹ tó wá ti ara yín. Bí òyì bá ń kọ́ ẹnì kan, tó ń sọ ìsọkúsọ, tára ẹ̀ gbóná janjan, ẹ gbé e kúrò lóòrùn, ẹ tú aṣọ lára ẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ti aṣọ ò gùn: ẹ wọ léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí ańkárá, ẹ fi aṣọ òkè sílẹ̀ fún ilé ìjọsìn. Bàtà gogoro á rì sínú yanrìn. Afẹ́fẹ́ òkun á sì ṣí gèlè tí wọn ò bá fi pín-ìnnì mú dáadáa. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹfà ni, ìgbà yẹn lòjò Èkó ń le jù, ẹ béèrè bóyá gbọ̀ngàn wà nítòsí.

Omi òkun fúnra ẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò Ọbà á ní òun mọ omi. Odò ń ṣàn lọ sápá kan ni. Ìgbì òkun ń da omi sórí yanrìn, omi náà sì ní láti padà, ó máa ń wá ibi tóóró kan gbà, á sì fa ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ. Ibi tó ń fà yìí sábà máa ń dà bíi pé ó pa rọ́rọ́, torí ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀ tó bí ó ṣe ń fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àlejò á yàn. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a wọ̀yá ìjà láti padà tààrà, ó máa rẹ̀ yín. Ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìbú etíkun títí tí kò fi ní fà yín mọ́, kẹ́ ẹ tó wá yí sí yanrìn. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé e: kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó dé ọmọrí sí i, kó sì pe àwọn tó ń ṣọ́ etíkun. Ọmọdé ò gbọdọ̀ dá sún mọ́ omi rárá. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni lọ sí Tarkwa Bay, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tí wọ́n bá fún yín, bó tilẹ̀ máa rún léèsì.

Ẹ fi owó sínú àpòòwé dípò kẹ́ ẹ máa ná an lé tọkọtaya lórí bí wọ́n bá ń jó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, de ẹni tó bá ń ná náírà lójú agbo tàbí tó ń jó lé e lórí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí irú ẹ̀.

Bí ìnáwó bá parí láṣàálẹ́, wọ́n á máa sọ fún mi pé ká kúkú gbéra padà, pé ọ̀nà ti dá. Mi ò ní gbà. Dẹ́rẹ́bà ti rẹ̀, èrò ti rẹ̀, ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ṣeé bá nínú òkùnkùn. A máa jí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, màá fi ìwé orúkọ ka gbogbo wa lẹ́nu ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni màá tó ṣíná.