Bí Ọkọ̀ Ìgbòkun Ṣe Lè Sún Mọ́ Ojú Afẹ́fẹ́ Sí I Láìná Owó Rẹpẹtẹ

Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tó lè kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ gan-an kó sì máa lọ síwájú. Ńṣe ni yóò gba apá kan lọ, tí yóò tún yí sí apá kejì, títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Bí ibẹ̀ bá jìnnà tó máìlì 10 lójú afẹ́fẹ́, ọkọ̀ tó lè sún mọ́ afẹ́fẹ́ ní dígírì 45 (ìyẹn igun tó wà láàárín ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀) yóò rin nǹkan bíi máìlì 14, èyí tí kò lè sún mọ́ ọn ju dígírì 50 lọ yóò sì rin máìlì 15 àti ààbọ̀.

Ìgbòkun tuntun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ máa ń sáré lọ rà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó kẹ́yìn. Wáyà tó so orí òpó mọ́ imú ọkọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wáyà yìí bá dẹ̀, afẹ́fẹ́ á tì í kó tẹ̀, ikùn ìgbòkun iwájú á yọ jù, etí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní kété tí a bá ti fẹ́ sún mọ́ afẹ́fẹ́. Bí a bá fún wáyà ẹ̀yìn, èyí tó so orí òpó mọ́ ìdí ọkọ̀, le, orí òpó á fà sẹ́yìn, ti iwájú á sì nà gbọnrangandan. Sípánà lásán nìyẹn gbà. Àmọ́ ó ní ìwọ̀n o, pàápàá lára ọkọ̀ tó ti gbó: bí ilẹ̀kùn inú ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, a ti fún un jù. Okùn tí a fi ń fa ìgbòkun sókè náà, bó bá ti ń ràn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le sí i, ó yẹ ká fi èyí tí kì í ràn pààrọ̀ rẹ̀.

Fọ́nrán òwú lowó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo rẹ̀. A ó so wọ́n mọ́ ìhà méjèèjì ìgbòkun iwájú, lẹ́yìn etí rẹ̀ díẹ̀, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Bí òwú méjèèjì bá nà sẹ́yìn gbọọrọ, ìgbòkun ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí tìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ bá ń jó, a ti sún mọ́ afẹ́fẹ́ jù. Bó bá jẹ́ tìhà kejì, a ṣì lè sún mọ́ ọn sí i. Bó bá jẹ́ pé tòkè níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jó, ibi tí okùn tí a fi ń darí ìgbòkun iwájú gbà kọjá lórí ọkọ̀ ni kí a sún síwájú díẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí kíìlì, ìyẹn apá tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bí ìwẹ̀ ẹja, ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì lè ṣe é bí omi kò bá ṣàn dáadáa lára rẹ̀. Ewéko omi tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ń pa eré rẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn àti agbára apá ló sì máa yanjú rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fipá kọ imú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ jù: imú á kọ síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ á máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. GPS orí fóònù ló lè tú àṣírí èyí, níbi tí omi kò bá ti ń wọ́ lọ síbì kan. Kí a wo ọ̀nà tí ọkọ̀ tọ̀ lápá méjèèjì; bí igun àárín wọn bá tóbi ju dígírì 90 lọ dáadáa, kí a tú okùn tí a fi ń darí ìgbòkun díẹ̀, kí ọkọ̀ ní eré ná, kí a tó tún sún mọ́ afẹ́fẹ́.