Kìlómítà kọ́ lẹ máa fi jókòó

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni mò ń tà ní Wuse, níbí l'Ábújá. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan láti Kubwa na fóònù sí mi. Ọmọ rẹ̀ bímọ sí Toronto, ó fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ó ní, "Ọmọ mi, fóònù yìí ní 9,070 ni ibẹ̀ jìn tó. Àbúrò mi ní 5,635. Ẹnì kan ní ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ní 4,900. Ta ló ń purọ́ nínú wọn?"

Kò sẹ́ni tó purọ́. Kìlómítà ni ti àkọ́kọ́, máìlì ni ti èkejì. Ẹ̀kẹta ni máìlì tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 1,852. Bí ẹni fi múdù wọn ìrẹsì, tó tún fi kóńgò wọ̀n ọ́n ni.

Mo ní ayé róbótó kékeré kan lórí tábìlì. Mo fi ìka tẹ òwú mọ́ Àbújá, mo fa orí kejì dé Toronto, mo wá fà á le. Bó ṣe ń le ló ń yọ̀ lọ sókè fúnra rẹ̀: ó gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà, ó já sórí òkun Àtìláńtíìkì. Òwú yẹn ni 9,070. Ìyá wò ó títí.

Àmọ́ èmi ò tíì ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó gba ojú òwú yẹn rí. Ẹni tó bá gba Addis Ababa, ìlà oòrùn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ ní bíi kìlómítà 3,460, kí wọ́n tó dà á padà sí ìwọ̀ oòrùn ní 11,500. Ó di 14,960 nìyẹn. Ẹni tó bá gba London, 4,775 àti 5,700 ni, àpapọ̀ rẹ̀ ò pé 10,500.

Kìlómítà nìkan ò sì pin ín. Afẹ́fẹ́ kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà ń dojú kọ ọ́ ni, ẹni tó ń bọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tì lẹ́yìn. Ìyẹn ni àlọ láti London fi máa ń ju àbọ̀ lọ ní bíi wákàtí kan. Pápákọ̀ Addis ní tiẹ̀ fi mítà 2,300 ga ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ọkọ̀ tí èrò kún inú rẹ̀ lè má lè gbé gbogbo epo tó máa lò. Àwọn kan tó ń lọ sí Amẹ́ríkà láti ibẹ̀ máa ń yà rọ epo lọ́nà. Ẹ má wulẹ̀ pariwo "Jésù!" tí ọkọ̀ bá ń balẹ̀ níbi tí ẹ ò retí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹ nílò físà láti gba ìlú àárín kọjá. Ibi tó kúrú jù lè jẹ́ ibi tí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbà.

Ìyá ní kí n pa kìlómítà tì, wákàtí mélòó lòun máa fi jókòó dúró de ọkọ̀ kejì, torí ẹsẹ̀ òun máa ń wú. Mo yẹ kọ̀ǹpútà wò. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, wákàtí mọ́kànlá ni ní London, méjì ní Addis.

Ó ní, "Kọ Addis."