Bí Ooru àti Ọ̀rinrin Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ilé Ọmọńlé Onírù Ńlá

Ọmọńlé kan wà tí kì í gun ògiri. Ilẹ̀ ló ń rìn, torí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan bíi ti èyí tó ń sáré lára ògiri ilé wa. Ó ní ìpéǹpéjú tó fi ń ṣẹ́jú, ó sì ń kó ọ̀rá pa mọ́ sínú ìrù títí ìrù náà á fi ki bí iṣu kékeré. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni ilẹ̀ rẹ̀, Hemitheconyx caudicinctus sì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Tógò àti Gánà wà lára ibi tí wọ́n ti kó o lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi táwọn èèyàn ti ń sìn ín nínú àpótí onígíláàsì. Kò ní oró kankan, ohun yòówù kí wọ́n ti sọ fún wa nípa ọmọńlé nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Ara rẹ̀ kì í dá gbóná fúnra rẹ̀. Tiwa máa ń wà ní nǹkan bíi 37 dígírì, yálà òjò ń rọ̀ tàbí oòrùn ń ràn. Tirẹ̀ ń tẹ̀ lé ibi tó bá dùbúlẹ̀ sí. Bó bá jẹ ìrẹ̀ tán tí kò rí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fi ikùn lé, oúnjẹ náà kò ní dà, ó sì lè rà sí i níkùn. Ìdí nìyí tí kò fi sí ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo tó dára fún gbogbo àpótí náà. Apá kan gbọ́dọ̀ gbóná, kí ilẹ̀ ibẹ̀ wà láàárín 31 sí 33 dígírì; apá kejì á wà ní nǹkan bíi 24 sí 26. Ẹran náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín méjèèjì. Lóru, bí gbogbo rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sí 22, kò sí ewu.

Ohun tó sábà ń mú ilẹ̀ gbóná ni ẹní pẹlẹbẹ kan tó ń lo iná mànàmáná, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta àpótí. Ẹní yìí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, tẹ́mósítáàtì, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á bí ooru bá ṣe rí, ló ń bá a dá a dúró. Okùn tín-ín-rín tí tẹ́mósítáàtì fi ń mọ ooru ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ibi tí ikùn ẹran máa ń lé gan-an ni kó wà. Bí wọ́n bá fi í kọ́ sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tútù ló máa kà, á sì máa tì iná lọ síbi ẹní náà títí ilẹ̀ á fi jó ẹran níkùn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí àwọn ẹran wọ̀nyí lè dùbúlẹ̀ sórí ohun tó ń jó wọn láì kúrò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ló máa ń dani lójú rú jù. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin kì í sọ iye omi tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ó ń sọ bí omi náà ṣe tó sí iye tí afẹ́fẹ́ lè gbé, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gbé púpọ̀ ju tútù lọ. Nígbà òtútù ní London, ká ní afẹ́fẹ́ ìta wà ní 5 dígírì, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100. Bó bá wọlé, tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru gbé e dé 22 dígírì, omi inú rẹ̀ kò dín rárá, àmọ́ ọ̀rinrin já sí nǹkan bí ìdá 26. Ọyẹ́ ti dé sínú yàrá nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ mọ bí ètè ṣe ń sán, bí gìgísẹ̀ ṣe ń là, àti bí aṣọ tí a sá ṣe ń gbẹ kí a tó yíjú padà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọlọ́yẹ́ ni ọmọńlé yìí ti wá. Báwo ló ṣe ń là á já? Inú ihò ló ń wọ̀, abẹ́ òkúta tàbí abẹ́ igi tó ti wó, níbi tí ilẹ̀ ṣì di ọ̀rinrin mú. Ihò yìí ló yẹ kí ẹni tó ń sìn ín ṣe fún un, dípò kó máa fọ́n omi káàkiri àpótí láàárọ̀ lálẹ́. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n bò dé ìdajì, tí mọ́ọ̀sì tútù, ewéko rírọ̀ tó ń di omi mú, wà nínú rẹ̀, ti tó. Kí wọ́n fún mọ́ọ̀sì náà títí omi kò fi ní kán mọ́. Ibi tó gbóná ni kí wọ́n gbé e sí, torí ohun tó ń mú omi inú àmù tutù máa ń ṣẹlẹ̀ síbí náà: bí omi ṣe ń fà lọ, ìkòkò ń tutù. Bó bá wà lápá tútù, ihò náà á di yìnyín fún ẹran tó ń wá ooru. Ìyókù àpótí lè wà ní ìdá 50 sí 60.

Ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ awọ ni èrè ihò yìí máa ń hàn. Awọ rẹ̀ á funfun bí ẹni fi ẹfun para, á wọ inú ìkòkò, á fi ẹnu fa awọ náà kúrò, á sì jẹ ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, díẹ̀ á kù sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà mìíì tí ó bá tún bọ́, òmíràn á lé e lórí, á wá fún ìka náà bí òwú tí a so mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ìka á sì já. Wíwo ọmọ ìka lẹ́yìn gbogbo bíbọ́ awọ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tó bá kù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jìn àti òwú tútù á mú un kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má fà á ní gbígbẹ.

Ọ̀rinrin àpọ̀jù náà ní àrùn tirẹ̀. Inú àpótí á máa bu, awọ ikùn á máa jẹrà, ẹran á máa yọ ìfófòó nímú. Ẹni tó bá ń sìn ín ní Ìbàdàn lákòókò òjò, èyí ni kó máa ṣọ́: kó jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé dáadáa, kó sì dín omi kù.

Ní ti ẹyin, ooru ló ń pinnu akọ àti abo. Bí ẹyin bá wà ní nǹkan bíi 28 dígírì, abo ló ń pọ̀. Bó bá sún mọ́ 32, akọ ló ń pọ̀.

Ìgbà ooru ló léwu jù, torí òtútù kì í tètè pa á bí ooru. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ooru dé 40.3 dígírì ní Coningsby, ní England. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tẹ́mósítáàtì á pa ẹní iná, àmọ́ kò lè mú yàrá tutù, apá tútù á sì pòórá. Fáànù nìkan kò ran ẹran tí kì í làágùn lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n gbé àpótí lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, kí wọ́n ta kọ́tìnnì kí oòrùn tó yọ, kí wọ́n fi aṣọ wé ìgò omi dídì, kí wọ́n sì gbé e ti apá tútù láti ìta. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti padà sí 26, kí wọ́n gbé ìgò náà kúrò.